Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí orúkọ wọn hàn lára iṣẹ́ wọn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Àlàáfíà ni mo wà, orúnkún tó ń dà mí láàmú ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé o fẹ́ ra tábìlì tẹ́nísì àti ẹ̀rọ kọfí sí ọ́fíìsì ìpolówó ọjà rẹ, pé o sì fẹ́ máa gbé fọ́tò òṣìṣẹ́ tó mókè lóṣooṣù kọ́ sára ògiri. Ó ní torí àwọn ayàwòrán méjì tó fi ọ́ sílẹ̀ ni, àti ọmọbìnrin kẹta tí kì í la ẹnu mọ́ nípàdé. Bí kọfí bá wù ọ́, rà á. Ṣùgbọ́n kí o tó náwó, ka ìwé yìí dópin.

O mọ̀ pé kí n tó di tíṣà, mo ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá wa lẹ́nu dídùn. Ó ń yìn wá lórí pèpéle, ọmọ òun ló ń pè wá. Àmọ́ tí òde bá túká, tí wọ́n ti ná owó sí wa lórí títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sẹ́ni tó mọ iye tó kàn án. Nígbà mìíràn a ó rí i lọ́jọ́ Ajé, nígbà mìíràn ẹ̀bẹ̀ sùúrù la ó rí. Orin tí mo ti ilé ronú kàn jáde nínú àwo, kò sí orúkọ mi lẹ́yìn páálí rẹ̀. N kò bá a jà. Mo kàn dẹ́kun orin gbígbé wá ni. Ohun tí wọ́n bá ní kí n ta ni mò ń ta, mo gba tèmi, mo gba ilé lọ. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn tipẹ́ kí ọ̀gá tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò pa òde kan jẹ. Ọmọbìnrin rẹ tó dákẹ́ yẹn, ibi tó wà nìyẹn, àfi bí mo bá ṣì í mọ̀.

Owó ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ, torí o ti sọ fún mi rí pé àwọn ọlọ́nà kì í wá owó bí ìfẹ́ iṣẹ́. Àwa ọ̀gá la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń san owó ilé. Tony Allen lu ìlù fún Fẹlá láti 1964, nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos. Láyé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ Afrobeat, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìlù yẹn ni egungun ẹ̀yìn orin náà. Síbẹ̀, nígbà tó di 1979, ó dìde, ó lọ. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà wà níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè kúrò lẹ́yìn Fẹlá, ta ni tìrẹ tí kò ní kúrò? Mú ọjọ́ kan nínú oṣù tí owó yóò máa wọlé, má sì yẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà kò tíì san. Iṣẹ́ òru àti ti òpin ọ̀sẹ̀, sọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó sí i. Bí o bá ti ṣe èyí, o ti ṣe ohun tí àwọn mìíràn ń fi àríyá bò mọ́lẹ̀.

(Ogunde onítíátà tiẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, ẹgbẹ́ kò sì tú. Ìwọ kò lè lo ọgbọ́n yẹn, ọkọ rẹ kò ní gbà.)

Lẹ́yìn owó ni orúkọ. O gbọ́ nípa Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Òyìnbó ṣe ní Wembley ní 1924. Àwọn British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà kò gba owó, ó ní kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú wọn dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó wá ṣèwádìí. Ó ní ọkọ òun ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá, ó sì ń dárúkọ ààfin tó ti ṣiṣẹ́. Wo ohun tó kù lẹ́nu ìyàwó: ọwọ́ ọkọ rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ náà dé.

Mo mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí ẹ ń ṣe, ilé-iṣẹ́ ló ni àwòrán, inú ìwé àdéhùn ló wà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní kí o má mú ẹni tó ya á lọ síwájú oníbàárà kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Kò ní kí o má kọ orúkọ wọn sí abẹ́ iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yín, orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ kàn án. Kò ní kí o máa fi orúkọ tìrẹ nìkan wọ ìdíje. Jẹ́ kí wọ́n lè fi iṣẹ́ náà han ẹlòmíràn pé àwọn ló ṣe é. Fọ́tò òṣìṣẹ́ oṣù kò lè ṣe èyí. Iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́rin ṣe, tí o wá gbé ojú ẹnì kan kọ́ sógiri, o ti ṣẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ Òṣogbo ni ọ́, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ onítíátà dá Mbari Mbayo, ilé àwọn ọlọ́nà, sílẹ̀. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán Òyìnbó kan, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n wá fi ọ̀dà ṣeré. Wo àwọn tó wá. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ tíátà Dúró Ládiípọ̀. Múráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó tún ń lùlù. Twins Seven-Seven, ijó ló gbé e dé Òṣogbo. Georgina kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya imú àti etí. Ó kó bébà àti ọ̀dà sílẹ̀, ó ń rìn kiri láàárín wọn. Ibi tó bá ti rí i pé ọwọ́ ẹnì kan ti ń sọ èdè tirẹ̀, ó fi hàn án pé ibẹ̀ rèé, máa lọ. Bùráímọ̀ bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí wọ́n ń tò sára adé ọba, ó ń tò ó sójú pátákó títí ó fi di àwòrán. Twins Seven-Seven mú gègé, ìlà wínníwínní ni tirẹ̀. Kì í ṣe àwọn nìkan. Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni kó tó di pé ó ń lu ìtàn sára bàbà àti alumíníọ̀mù. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ìwọ náà ṣáà ti rí ohun tó fi sìmẹ́ǹtì mọ sí igbó Ọ̀ṣun.

Ká ní wọ́n ní kí onínáà jókòó ti iná rẹ̀ ńkọ́? O sọ fún mi nígbà kan pé ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà yín ṣe máa ń kọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín sórí fóònù rẹ̀. Ṣé o ti kà á? Kà á.

Wàhálà tìrẹ ni pé ayàwòrán ni ìwọ náà, ọwọ́ á máa yún ọ. Oníbàárà ní òun fẹ́ páálí ọṣẹ, o ti sọ irú pupa tí yóò jẹ́, o ti sọ ibi tí ewé yóò wà, kí wọ́n tó gbé bírò. Kí ló wá kù fún wọn láti ṣe? Sọ ẹni tí ọjà wà fún, sọ ohun tí oníbàárà kò fẹ́ rí rárá, sọ ọjọ́ àti iye owó, kí o sì kúrò lẹ́yìn àga wọn. Bí o bá rí ẹni tó tẹjú mọ́ fèrèsé, má fi WhatsApp pè é sí ìpàdé; ẹni tó ń ronú kì í jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá dé tí kò dára, sọ ibi tí kò ti dára gan-an, ẹ̀yin méjì, nínú yàrá. "Kò wọ̀ mí lójú" kì í ṣe àlàyé. Bí oníbàárà bá sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, ìwọ ni ọ̀gá, ìwọ ni kó bà.

Àwọn méjì tó lọ, má sọ̀rọ̀ wọn láìdáa níwájú àwọn tó kù. Sunny Adé kúrò nínú ẹgbẹ́ orin Moses Ọláìyá ní 1967, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọláìyá di Baba Sàlá tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń rẹ́rìn-ín sí, Sunny náà di ọba orin. Ta ló pàdánù nínú wọn? Ẹni tó bá gbọ́ bí o ṣe ń bú ẹni tó lọ ti mọ bí o ó ṣe bú òun, yóò sì máa fi ọgbọ́n pa èrò rẹ̀ tó dára mọ́ de ibi tó ń lọ.

Ti ọmọbìnrin yẹn, mú un jáde lọ jẹun lọ́sẹ̀ yìí. Má bi í pé kí ló dé tó dákẹ́, kò ní sọ. Bi í pé nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún yìí, èwo ló ṣe é bíi kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Mo mọ̀ ọ́, kò ní rọrùn fún ọ. Bó bá dárúkọ iṣẹ́ náà, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó tún un ṣe, ìbáà má sí oníbàárà tó fẹ́ ẹ, kí o sì san owó ọ̀sẹ̀ náà. Bó bá ní àwọn kan ti pe òun síbòmíràn, bi í ní iye tí wọ́n fẹ́ san. Bí agbára rẹ bá ká a, san án. Bí kò bá ká a, sọ fún un bẹ́ẹ̀, kí o sì kọ ìwé ẹ̀rí tó dáa fún un.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Mo ń bọ̀ l'Ékòó lóṣù tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò ojú mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó dé sí. Pe èmi fúnra mi tí ẹ bá ti jẹun tán, má gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ