Wákàtí Kan ni Èkó sí Àbújá, Kí Ló Dé Tí Ó Fi Ń Gba Odidi Ọjọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ohun tí ojú àwa èrò ọkọ̀ òfuurufú ń rí láàárín Èkó àti Àbújá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé wa ní aago méje òwúrọ̀ kò gbéra títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sì sí òṣìṣẹ́ kan tí ó wá ṣàlàyé fún wa. Ohùn inú ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́, tí ó ń tọrọ àforíjì láìsọ ìdí kan pàtó. Ìyá àgbàlagbà kan tí dókítà ń retí ní Àbújá jókòó sórí ẹrù rẹ̀, nítorí àga kò kárí.

Lójú òfuurufú, Èkó sí Àbújá kò ju nǹkan bí kìlómítà 500 lé díẹ̀ lọ, nǹkan bí wákàtí kan sì ni ọkọ̀ fi ń fò ó. Ọ̀nà orí ilẹ̀ tó gba Lọ́kọ́ja kọjá lé ní kìlómítà 700, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń ṣa owó jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Wákàtí kan ni wọ́n tà fún wa, odidi ọjọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Mo mọ̀ pé ọyẹ́ máa ń bo ojú sánmà láti oṣù Kejìlá, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí awakọ̀ fi ẹ̀mí èrò wewu. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kọ́ ló ń dá wa dúró ní oṣù Kẹjọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fi ná ọ̀pọ̀ ìlú lójúmọ́. Bí ó bá pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́ láàárọ̀, gbogbo àwa tó ń dúró dè é níwájú la máa jìyà rẹ̀ títí di alẹ́.

Òfin wà tó fún èrò ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀ bí ọkọ̀ abẹ́lé bá pẹ́ kọjá wákàtí méjì, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ tó yẹ kí wọ́n mú un ṣẹ kò ju kí wọ́n halẹ̀ lọ. Wákàtí kan ni wọ́n tà fún wa, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè èyí tó kù tí wọ́n jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí owó náà máa padà fúnra rẹ̀. Àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbéra wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú, ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì sì mọ báńkì tí a ti sanwó. Bí wákàtí méjì bá ti kọjá, kí ìdajì owó ọkọ̀ wọ àpò èrò kọ̀ọ̀kan padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, láìjẹ́ pé ó kọ̀wé tàbí pé ó bẹ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé ó ti wọ ọkọ̀ náà lọ. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá san án, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n tún fi àga kún àga, kí wọ́n sì fi iná sí àwọn pápákọ̀ òfuurufú tí ọkọ̀ kò lè balẹ̀ sí lálẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Sùúrùlérè, Èkó.