Omi ni kó gbẹ̀yìn, Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé tí o kọ ránṣẹ́, mo sì ka gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí o tò sínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé ọwọ́ ara rẹ lo fẹ́ fi to kọ̀ǹpútà tí wàá máa fi gbá géèmù. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Ohun tí o kọ́kọ́ kọ ni rédíétọ̀ 360 mìlímítà, pọ́ńpù, rọ́bà tó mọ́ gaara àti omi aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn lo tó wá fi owó tó ṣẹ́ kù wá káàdì fídíò. Mo mọ bí o ṣe ń tu owó yìí jọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó ná an.

Omi kì í mú kí géèmù yá, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ooru lára CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kó gbé e lọ sínú rédíétọ̀, kí fáànù sì fẹ́ ooru náà dà sínú yàrá. Ó mọ iṣẹ́ yẹn í ṣe dáadáa, torí pé kílò omi kan lè gba ooru tó tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí kílò afẹ́fẹ́ kan lè gbà kí ìgbóná rẹ̀ tó fi ìwọ̀n kan gòkè. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ yàrá náà ni ooru ọ̀hún ń parí sí, nítorí náà, bó ti wù kí rédíétọ̀ tóbi tó, omi inú rẹ̀ kò lè tutù ju yàrá lọ. Àwọn CPU Ryzen 7000 ti ilé iṣẹ́ AMD, tí tìrẹ wà lára wọn, kì í dín eré kù nítorí ooru àfi tí wọ́n bá dé nǹkan bí 95°C. Bí fáànù lásán bá mú tìrẹ dúró sí 75°C, tí omi wá fà á wálẹ̀ sí 60°C, ojú rẹ kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan lórí mọ́nítọ̀. Káàdì fídíò tó lágbára jù ni ojú rẹ máa rí.

Nítorí náà, ojú mọ́nítọ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Mọ́nítọ̀ 1920×1080 ní àmì tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù méjì lójú rẹ̀. Ti 2560×1440 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7. Ti 3840×2160, tí wọ́n ń pè ní 4K, jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Káàdì fídíò ló ń kun gbogbo àmì yẹn, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí ìgbà 144 bí mọ́nítọ̀ náà bá gbà á. Bí 1080 bá ni tìrẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní káàdì tí wọ́n ṣe fún 4K. Bí o bá sì ń lé 1440, jẹ́ kí káàdì fídíò gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ ó kéré tán. Bó bá súnmọ́ ìdajì pàápàá, mi ò ní bá ọ jà.

Wo memory orí káàdì náà pẹ̀lú, ibi tó ń kó àwòrán géèmù sí, kì í ṣe ọdún tó jáde nìkan. Káàdì RTX 3060 tó jáde ní 2021 wà ní ẹ̀yà tó ní 12GB. RTX 4060 tó tẹ̀ lé e ní 2023 yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n 8GB ló gbé wá. Nígbà tí àwòrán géèmù bá kún memory yẹn àkúnwọ́sílẹ̀, káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè nínú RAM, ìyẹn memory kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí kò yára tó tirẹ̀, géèmù á sì máa há, á máa já mọ́ ọ lójú. O ti sọ fún mi pé o fẹ́ lo kọ̀ǹpútà yìí pẹ́. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ lo káàdì pẹ́ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré memory.

Ọ̀rọ̀ CPU kò gùn. Ryzen 5 7600 tí o kọ dára, má pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́ọ̀tì 65 ni wọ́n kọ sí i lára, fáànù tirẹ̀ sì ń bá a wá nínú páálí. Àwọn CPU bíi Core i9-13900K ti Intel, tó lè fa wọ́ọ̀tì 253 nígbà tó bá ń sá eré àsápajúdé, ló nílò rédíétọ̀ 360 tí o fẹ́ rà yẹn. O ò ra irú wọn, kò sì sí ìdí tí wàá fi san owó ìtútù wọn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń wọ̀ sí, ni ọ̀rọ̀ yìí sì bá mu jù. AM4 àti AM5 ni orúkọ ojú ihò tí CPU AMD ń wọ̀ lára rẹ̀; CPU AM5, irú èyí tí o kọ yẹn, kò lè wọ ojú ihò AM4. AM5 tó dé ní 2022 kò gba RAM mìíràn ju DDR5 lọ, DDR4 tí o rí ní ẹ̀dínwó yẹn kò sì ní í wọ̀ ọ́ láé, nítorí ibi tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú AM5 ni pé AMD ti ṣèlérí àtìlẹ́yìn fún un títí di 2027, ó kéré tán, ìyẹn ni pé o lè yọ CPU yìí lọ́jọ́ iwájú, kí o fi èyí tó lágbára jù rọ́pò rẹ̀ láìtún ra motherboard. Motherboard B650 tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ ti tó fún ọ. Ra RAM ní méjì-méjì, 16GB lọ́nà méjì, kó lè gba ojú ọ̀nà méjèèjì ṣiṣẹ́, kí o sì rántí tan EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá eré tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS, ìyẹn ojú ètò motherboard fúnra rẹ̀. Bí o ò bá tan án, RAM tí o fi owó eré rà á kàn máa rìn ni.

Power supply, Àbẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀ ọ́. Ibẹ̀ kọ́ ni a ti ń wá ẹ̀dínwó, torí pé òun ló ń fún gbogbo àwọn tó kù ní iná, bó bá sì bàjẹ́, ó lè ba àwọn mìíràn jẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Àmì 80 Plus tó wà lára rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń lo iná láìfi í ṣòfò tó. Kò sọ pé irin inú rẹ̀ dára. Wá èyí tí àwọn tó ń tú u wò yìn, wọ́ọ̀tì 650 ti pọ̀ tó fún irú ohun tí o ń tò. Bí o bá sì ń lo èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, má ṣe gba wáyà power supply mìíràn lò nínú rẹ̀ láé, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá wọ ihò. Ètò iná inú wọn kì í dọ́gba, SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí, lè jóná láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó wá ku omi. Mi ò ní kí o má rà á. Ó wù ọ́, ó sì lẹ́wà lóòótọ́, ìyẹn náà tó ìdí fún ẹni tó bá ti ra ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rà tán.

Èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì pa láti ilẹ̀ wá ni kí o rà, èyí tí wọ́n ń pè ní AIO, kí rédíétọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240 mìlímítà. Èyí tí o fẹ́ fọwọ́ tò fúnra rẹ yẹn máa ń dà bí ohun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n títí wàá fi ka àwọn ìdè orí rọ́bà. Ọ̀nà àbáwọlé kan àti ọ̀nà àbájáde kan ni ohun kọ̀ọ̀kan ní: orí CPU (irin tí omi ń gbà kọjá lórí CPU), pọ́ńpù, rédíétọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan gba ìdè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ á ṣe máa gun orí ara wọn. Tó bá di ọjọ́ tí o lówó rẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ ohun mẹ́ta sílẹ̀. Má ṣe da rédíétọ̀ alumíníọ̀mù pọ̀ mọ́ orí CPU tó jẹ́ bàbà. Inú omi kan náà, alumíníọ̀mù á máa jẹra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jò. Má ṣe bu omi ẹ̀rọ sí i, omi distilled tó ní oògùn ìdènà ìdọ̀tí àti ìpẹtà ni. Kí ilé omi sì máa wà ṣáájú pọ́ńpù, kí pọ́ńpù má ṣe ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀ láé, torí omi náà ló ń mú un jọ̀lọ̀.

AIO kò ní gbogbo wàhálà yìí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e sí ṣe pàtàkì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, òkè ló sì máa ń gbà lọ. Pọ́ńpù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù nínú gbogbo ọ̀nà omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ yẹn á kóra jọ sínú rẹ̀, wàá máa gbọ́ tó ń pariwo gurugùru, kò sì ní í pẹ́. Gbé rédíétọ̀ sí òkè àpótí kọ̀ǹpútà. Kí o tó ra àpótí náà, fi rúlà wọn ọ́n: rédíétọ̀ máa ń nípọn tó 27 mìlímítà, fáànù 25, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 52, RAM tó ga sì lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. So pọ́ńpù mọ́ ihò tí wọ́n kọ AIO_PUMP tàbí CPU_FAN sí lára motherboard, kí o jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní kíkún nígbà gbogbo. Fáànù rédíétọ̀ nìkan ni kí o máa dín kù nígbà tí o ò bá gbá géèmù. Nígbà tí o bá ń de orí rẹ̀ mọ́ CPU, fún ìdè díẹ̀ lápá kan, kí o bọ́ sí ìkejì tó kọjú sí i, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi le dọ́gba.

Bí o bá fẹ́ ra àlòkù láti fi dín owó kù, káàdì fídíò ṣeé rà, bí wọ́n bá jẹ́ kí o gbá géèmù lórí rẹ̀ fún bí wákàtí kan, kí o sì máa wo ìgbóná rẹ̀. CPU náà ṣeé rà. Má ra AIO àlòkù. Omi inú rẹ̀ máa ń gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ibi tí a lè gbà bu omi kún un. O ò lè mọ bí èyí tó kù ti pọ̀ tó.

Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó nígbà tí o bá ṣírò gbogbo rẹ̀, lo fáànù inú páálí CPU yẹn fún ìgbà díẹ̀ ná. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni gbígbé AIO sí i nígbà tó bá yá. Yíyọ káàdì fídíò tí kò lágbára, tí wàá tà ní ẹ̀dínwó kí o tó ra òmíràn, ni yóò dùn ọ́.

Tún ìwé náà kọ báyìí, fi mọ́nítọ̀ àti káàdì fídíò ṣíwájú, kí o kọ ìwọ̀n inú àpótí, gígùn káàdì fídíò àti ìwọ̀n rédíétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀ kan. Màá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.