Lẹ́tà sí ẹni tó ni ìwé atúmọ̀ èdè yìí kó tó dọ́wọ́ mi

Ẹ kú ibi tí ẹ wà o,

Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ni mò ń kí àbí ìyá, torí ojú ewé tó yẹ kí orúkọ yín wà ti ya. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bíró pupa lẹ̀ ń lò, ẹ sì máa ń tẹ̀ ẹ́ gan-an, torí ìlà tí ẹ bá fà máa ń hàn lẹ́yìn ewé. Chambers ni ìwé náà, àwọn ará Edinburgh ló ṣe é. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n kúkú ra ìwé JAMB mọ́ ọn, pé ta ló tún ń ra díkíṣọ́nárì nígbà tí Google ti dé.

Google kì í sọ ohun téèyàn ò bi í, báwo lèèyàn sì ṣe fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà láyé? Nínú ìwé yín, ọ̀rọ̀ kan lèèyàn ń wá lọ, mìíràn á ti gbá a mú lójú ọ̀nà.

Bí mo ṣe pàdé taghairm nìyẹn. Àwọn ará orí òkè Scotland ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́la, á fi awọ akọ màlúù bora, á lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, á máa retí kí ìran dé bá òun. Ìlà méjì lẹ fà sábẹ́ ẹ̀, ẹ wá kọ “Hà!” sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà ké “Hà!” kí n tó rí tiyín. Mo ro ti babaláwo wa tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí ẹní, tó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ ẹ̀, tí omi kankan ò ta sí lára. Mo pe ọmọ mi kó wá gbọ́. Ó ní, “Mọ́mì, ta ló máa bi yín léyìí nínú ìdánwò?” Kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà.

Mo tún fẹ́ràn bí ìwé yìí ṣe máa ń ṣàwàdà láì rẹ́rìn-ín. Ó ní éclair jẹ́ àkàrà òyìnbó kan tó gùn lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kì í pẹ́ tán. Ẹ rò ó wò: iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ẹnì kan láti ṣe nìyẹn o. Ó tún ní middle-aged ni ẹni tó ti kúrò ní ọ̀dọ́ tí kò tíì darúgbó, bó bá ṣe wu òǹkàwé ni kó ka ọdún tiẹ̀. Ẹ fàlà sábẹ́ ìyẹn náà, mo sì fura sí ọjọ́ orí yín.

Ti mumpsimus ńkọ́? Àlùfáà kan ló máa ń ka sumpsimus báyẹn nínú àdúrà Látìnì. Wọ́n tún un ṣe fún un, ó kọ̀, ó ní mumpsimus tòun ti pẹ́ lẹ́nu òun, òun ò ní fi sumpsimus tuntun yín pààrọ̀ ẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi ń pe àṣìṣe téèyàn mọ̀ pé àṣìṣe ni tí kò sì fẹ́ fi sílẹ̀. Nínú ìdílé ọkọ mi nìkan, mo lè nawọ́ sí ẹni mẹ́ta.

Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ò ti ní gbọ́ra wa yé ni ti gírámà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Lẹ́yìn ìwé níbi tí kò sí nǹkan kan, ẹ da àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn bí ọkọ̀ rélùwéè síbẹ̀, ẹ sì ń ka lẹ́tà wọn. Mo mọ ohun tó fà á. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá lè fọ́ gírámà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. K.O. Mbadiwe jayé ẹ̀ nígbà tiẹ̀, Patrick Obahiagbon náà gbé e délé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis tí ẹ fi ṣe olórí wọn. Lẹ́tà 45! Ní 1935, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn àlọ́ ọ̀rọ̀ l'Ámẹ́ríkà ló hun ún pọ̀ torí kó lè gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ ni. Wọ́n ní eruku òkè oníná ló ń fa àìsàn náà sí ẹ̀dọ̀fóró. Aláìsàn á ti gba ilé lọ kí dókítà tó pè é tán.

Àwọn kéékèèké ló ń pa mí. Aglet, ìyẹn ike tàbí irin bíńtín tó wà lẹ́nu okùn bàtà. Tittle, ìyẹn tóótó tó wà lórí i. Wọ́n ti wà lójú wa látọjọ́ pípẹ́, àṣé wọ́n lórúkọ!

Mo ní ọ̀kan fún yín, mi ò rí ìlà yín lábẹ́ ẹ̀: petrichor. Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1964. Wọ́n rí i pé bí ọ̀dá bá ń dá, òróró ara ewéko máa ń wọ inú òkúta àti ilẹ̀ lọ. Bí omi bá wá kàn án, á tú jáde sínú afẹ́fẹ́. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yá orúkọ ẹ̀: òkúta, pẹ̀lú omi tó ń ṣàn nínú iṣan àwọn òrìṣà ibẹ̀ dípò ẹ̀jẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tó ń múnú gbogbo wa dùn, ẹnì kan ní Ọsirélíà fi ẹ̀jẹ̀ òrìṣà sọ ọ́ lórúkọ.

Bóyá ẹ ti gbọ́ pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti kó ọ̀rọ̀ tiwa náà wọlé. Ní January 2020 ni: dánfó, búkà, ọ̀kadà, tòkunbọ̀, títí kan mama put. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ní ta ló sọ pé ká wá gbàṣẹ lọ́dọ̀ òyìnbó. Èmi ò bá wọn bínú. Ẹnì kan ní Edinburgh ni mò ń rò, tó ń ṣí ìwé kiri lálẹ́, tó ṣàdédé já lu dánfó, tó ké “Hà!”, tó pe ọmọ ẹ̀ kó wá gbọ́. Èmi tí kọ́ńdọ́ jẹ ṣéńjì mi lánàá, kí ló tún fẹ́ yà mí lẹ́nu nínú dánfó?

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lábẹ́ C, ìlà mẹ́ta gbáko lẹ fà sábẹ́ callipygous, ìyẹn ẹni tí ìdí ẹ̀ rẹwà. Ẹ kọ orúkọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ tún wá fi bíró pa á rẹ́. Mo ti gbé ewé náà síwájú iná wò. Ẹ fọkàn balẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló ṣì hàn. F ni.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ni ín báyìí