Ọyẹ́ lọ, eruku rẹ̀ kò lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku ọyẹ́ ti ń wá, nẹ́ẹ̀tì wíńdò mi ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ló sì fi ṣe ilé. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Yóò fò sókè, á tún bà sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ ti orí fáànù bẹ̀rẹ̀. (Bàbá Ìbejì ní fáànù tòun kò dọ̀tí. Ẹ gbọ́ ọkùnrin!)

Àwọn tó ń gbá ìdọ̀tí ilé wọn sínú gọ́tà ló ń bí mi nínú. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fagi lé kónílé-ó-gbélé ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù ní 2016, àdúgbò wa kò kó gọ́tà mọ́. Òjò sì ti ń ṣú. Alága àdúgbò, ẹ tètè pe ìpàdé.

Ìyá Ìbejì,
Ẹ̀búté Mẹ́ta, Èkó