Iṣẹ́ ọ̀dà ni Primo Levi ṣe jẹun

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Primo Levi, òǹkọ̀wé ará Ítálì. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe kó o lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa ènìyàn, ní 1944 torí pé Júù ni, àti bó ṣe padà délé ní 1945. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá yìí ń ṣe jẹun ńkọ́? Ọ̀dà ni! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tó fi wà nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan nítòsí Turin, títí ó fi di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Èmi náà ń po ọ̀dà ní Ìkòròdú níbí, lójú ọ̀nà Ṣágámù, ó sì dùn mí.

Ní 1946, ilé iṣẹ́ mìíràn ló wà. Ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún ti dì gbagidi bí ẹ̀dọ̀ ẹran lágbàlá wọn, wọ́n ní kó wádìí rẹ̀. Ó tú ìwé títí. Àṣé níbi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ń yẹ èròjà wò kán oògùn tí wọ́n fi ń dán èròjà wò sí i, ẹ̀kán 2 tàbí 3, ẹni tó dà á kọ ti sọ ọ́ di 23! Bí ayédèrú èròjà ṣe ń yege nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pé ife nitrosol (ìyẹ̀fun tó ń mú ọ̀dà ki) 1½, ọmọ iṣẹ́ mi ní 11 lòun rí. Dúrọ́ọ̀mù kan odidi dì bí ẹ̀kọ tútù. Ṣọ́bìrì la fi kó o.

Ti àlùbọ́sà ló wá dùn mọ́ mi jù. Levi sọ pé ìwé kan ní kí wọ́n ju ègé àlùbọ́sà méjì sínú òróró ọ̀dà tó ń hó. Kò yé ẹnikẹ́ni, àfi àgbàlagbà kan tó ṣàlàyé pé láyé àwọn, kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru òróró. Bí àlùbọ́sà bá ti ń dín, ó ti tó nìyẹn. Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá mi ń ṣe nìyẹn kó tó da àkàrà sí epo?

Kódà ìwé ìtàn àròsọ tí Levi gbé jáde ní 1978, òṣìṣẹ́ tó ń to kirénì àti afárá ló fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n máa bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí omi kí n tó da nǹkan mìíràn sí i. Mo ṣì ń bù ú dòní. Bí òǹkàwé yín kan bá mọ ìdí rẹ̀, kó dákun kọ̀wé.

Èmi ni tiyín,
Apo-ọ̀dà kan, Ìkòròdú