Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Fóònù Mẹ́ta

Arákàlẹ̀,
Àkúrẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó dáa pé o kọ orúkọ fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ kí o tó fọwọ́ kan owó. Tuntun inú páálí tí wọ́n kọ 16GB gàdàgbà sí lára, iPhone 11 tòkunbọ̀ tó jẹ́ 64GB, àti Samsung Galaxy A16. O ní èyí àkọ́kọ́ ló wù ọ́ jù nítorí pé gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀ lórí páálí.

Bí mo ṣe fẹ́ kí o wọ̀n wọ́n nìyí. Bátìrì, ojú fóònù, ihò tí a ń ki ṣájà sí: gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé pààrọ̀, owó ló kàn ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọpọlọ fóònù (chip), RAM (ibi tí ó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), mẹ́mórì inú rẹ̀ (ibi tí fọ́tò àti áàpù ń wà), irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè gbà, àti iye ọdún tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò fi máa fi àtúnṣe sọ́fítíwia (update) ránṣẹ́ sí i, bí o bá ṣe bá wọn lọ́jọ́ tí o rà á ni wọn yóò ṣe wà títí o fi máa gbé e fún ẹlòmíràn. Ohun tí kò ṣeé pààrọ̀ ni kí o kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí 16GB yẹn. Wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, wàá rí "8GB+8GB" tí wọ́n kọ wínníwínní. 8GB àkọ́kọ́ ni RAM tòótọ́. Inú mẹ́mórì ni wọ́n ti yá èkejì, mẹ́mórì sì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Àyè tí wọ́n yá yìí náà ni fọ́tò àti fídíò rẹ ìbá wà. O lè pa á nínú Settings, kò sì sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń fi fóònù wé fóònù, nọ́ńbà tó ṣáájú àmì àròpọ̀ nìkan ni kí o kà. Àwọn páálí kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ 8GB ni wọ́n kọ sí i, 4GB+4GB ló sì jẹ́. Fún ohun tí ìwọ ń fi fóònù ṣe, WhatsApp, ìwé PDF, Zoom àti áàpù báńkì, 6GB tòótọ́ ti tó. 4GB á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá fi PDF sílẹ̀ lọ dá ẹnì kan lóhùn lórí WhatsApp, kí o tó padà dé, ó ti pa á dé, wàá sì tún máa wá ojú ewé tí o kà dé.

Ọpọlọ ni wọn kì í pariwo rẹ̀. Èyí tí o fẹ́ràn yẹn, Unisoc T606 ló wà nínú rẹ̀. Helio G99 ló wà nínú A16 ti 4G. T606 jẹ́ ti nánómítà 12, G99 jẹ́ ti nánómítà 6. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni iná tí ọpọlọ ń jẹ ṣe máa ń dín kù, tí ooru rẹ̀ náà sì ń dín kù. Ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: fóònù tó bá gbóná jù á fúnra rẹ̀ dín ìyára kù kí ó má bàa jóná, ìdí nìyẹn tí fóònù tó ń sáré ní àárọ̀ fi máa ń wọ́ bí ìgbín ní ọ̀sán gangan oṣù kejì ọdún. Kí n má parọ́, ọpọlọ A13 tó wà nínú iPhone 11 lágbára ju méjèèjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2019 ló jáde.

Mẹ́mórì ni iPhone yẹn ti kọsẹ̀. Nínú 64GB, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ti gba tirẹ̀ kí o tó fi áàpù kan ṣoṣo sí i, iPhone kò sì ní ibi tí a ń ki káàdì mẹ́mórì sí. Fídíò WhatsApp nìkan á kún un kí sáà ẹ̀kọ́ kan tó parí, tí mẹ́mórì bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, gbogbo nǹkan á máa lọ́ra. Má ra ohunkóhun tó bá kéré sí 128GB. Wo àtẹ SIM ti A16 náà dáadáa kí o tó fọkàn sí káàdì mẹ́mórì. Ọ̀pọ̀ fóònù ló jẹ́ pé SIM kejì àti káàdì jọ ń jà sí ihò kan ni, èyí tí o bá fi sí i nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ló yẹ kó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Láti ọdún 2025, WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone tí iOS rẹ̀ (sọ́fítíwia tó ń darí rẹ̀) kò bá tó 15.1, bẹ́ẹ̀ náà ni Android tí kò bá tó 5.0. Áàpù báńkì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù ò bàjẹ́, ojú rẹ̀ ò fọ́, ṣùgbọ́n ó ti di tọ́ọ̀ṣì. Samsung ṣèlérí ìgbésókè Android mẹ́fà àti àtúnṣe ààbò ọdún mẹ́fà fún A16. Ìparí ọdún 2024 ló jáde, á sì gbé e dé ìparí 2030. O ti máa kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí l'Oǹdó, wàá ti sin ìjọba tán. iPhone 11 gba iOS 26 tó jáde ní 2025, àmọ́ iPhone XR tí wọ́n fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ti já sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ náà ka ọjọ́ tó kù fún un. Ní ti èyí àkọ́kọ́, béèrè iye ọdún lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bó bá rẹ́rìn-ín, o ti gba ìdáhùn.

Bátìrì iPhone 11 jẹ́ 3,110mAh nígbà tó wà ní tuntun. Bí Battery Health rẹ̀ (ìlera bátìrì nínú Settings) bá wà ní 80%, ohun tó kù kò ju nǹkan bí 2,490 lọ, ìyẹn ìdajì 5,000mAh tó wà nínú àwọn méjì yòókù. Lóòótọ́ iPhone máa ń ṣọ́ iná lò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdajì di odidi.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sì í ṣírò ni wákàtí tí iná fi ń wà. Bátìrì 5,000mAh lórí ṣájà 10W á gba bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó kún; lórí 25W, bíi wákàtí kan ààbọ̀. Níbi tí iná ti ń wá fún wákàtí méjì péré, ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ bóyá o máa rí fóònù lò dalẹ́. A16 ń gba 25W, ṣùgbọ́n kò sí ṣájà nínú páálí rẹ̀, nítorí náà fi owó ojúlówó ṣájà kún iye rẹ̀ kí o tó sọ pé ó wọ́n tàbí kò wọ́n. Má ra ti orí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ń ga tó ń rẹlẹ̀, irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kò lè dì í mú, inú fóònù ló ń já a sí, IC (ẹ̀yà kékeré) tó ń darí ṣáàjì ló sì máa ń kọ́kọ́ jó. Iṣẹ́ àtúnṣe yẹn kì í ṣe kékeré.

Ojú A16 jẹ́ irú tí a ń pè ní AMOLED, píksẹ́lì (tóótòòtó ìmọ́lẹ̀) 1080 lórí 2340; ti àkọ́kọ́ jẹ́ irú tí a ń pè ní LCD, píksẹ́lì ìbú rẹ̀ kò ju 720 lọ. Lẹ́tà PDF á mọ́lẹ̀ kedere lórí A16 ju èyí lọ. Àbùkù AMOLED ni pé bí ó bá fọ́, owó rẹ̀ ga, ó sì lè yọ ìlà aláwọ̀ ewé kan láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn tó bá já bọ́ tàbí tí omi kàn án. Nítorí náà, fóònù yòówù kí o fẹ́ rà, kọ́kọ́ béèrè iye tí ojú rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Yàbá l'Oǹdó níbẹ̀, kí o sì ra àpò àti gíláàsì lọ́jọ́ kan náà.

Kámẹ́rà, má fi àkókò ṣòfò lé e. 50MP tí wọ́n ń kọ sí páálí (MP ni mílíọ̀nù píksẹ́lì) máa ń pa píksẹ́lì mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan ni, fọ́tò tó ń jáde jẹ́ bíi 12.5MP. Àwọn 2MP tí wọ́n tò yí i ká, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ya fọ́tò ìwé kan níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o fẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá lè ka á, ó tó.

Ẹ̀yà méjì ni A16 ní. SM-A165F jẹ́ 4G, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SM-A166 ni ti 5G. Má jẹ́ kí wọ́n gba owó 5G lọ́wọ́ rẹ fún 4G.

Mo mọ̀ ọ́, ọkàn rẹ ṣì lè máa fà sí iPhone yẹn. Bí o bá lọ wò ó, fara balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí ìfun èèrà, kí o sì lọ lójú ọjọ́. Tẹ *#06#, kí o fi IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó bá jáde wé èyí tó wà nínú Settings àti èyí tí wọ́n fẹ́ kọ sínú rìsíìtì. Wọ Settings, General, About. Níbẹ̀, Carrier Lock gbọ́dọ̀ kọ "No SIM restrictions". Bí kò bá kọ bẹ́ẹ̀, SIM tìrẹ kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nọ́ńbà Model tó bá fi M bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí ilé iṣẹ́ tún ṣe, N ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò fún oníbàárà. Níbẹ̀ náà ni Parts and Service History máa ń hàn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú. "Unknown Part" lè túmọ̀ sí pé kì í ṣe ojúlówó. Tòkunbọ̀ ọdún 2019 tó bá ń sọ pé bátìrì òun wà ní 100%, ṣe ni kí o bi í léèrè ẹni tó tún un ṣe. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò SIM: bí o bá rí pupa, omi ti wọ̀ ọ́ rí.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ iCloud (àkáǹtì Apple) wọn, torí bí kò bá kúrò, fóònù á tì pa mọ́ ọ lọ́wọ́, kí wọ́n nù ún níṣojú rẹ, kí ìwọ sì tò ó títí yóò fi dé ojú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní ká ṣe é nílé, má ra tirẹ̀. Android tòkunbọ̀ náà ní irú títì yìí, àkáǹtì Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló máa béèrè. Àwọn fóònù tí wọ́n rà ní díẹ̀díẹ̀ tí wọn kò san tán sì lè tì pa lọ́jọ́ kan ṣá. Pe nọ́ńbà kan, gbé fóònù sétí, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ kí o gbọ́ ọ. Mi wáyà ṣájà díẹ̀ bó ṣe ń ṣáàjì, kò gbọdọ̀ máa já. Rántí pé SIM kan péré ni iPhone 11 ń gbà sínú ihò, àyàfi ti Ṣáínà. Ìlà rẹ kejì gbọ́dọ̀ di eSIM (SIM tí kì í ṣe káàdì).

Èrò tèmi: bí owó rẹ bá ká A16 tó jẹ́ 6GB àti 128GB, òun ni kí o rà. Bí kò bá ká a, Tecno àti Infinix tó ní G99 wà lọ́jà, Carlcare ló sì ń tún wọn ṣe; wá orúkọ ọpọlọ yẹn lára páálí kí o tó wá ohun mìíràn. Gba rìsíìtì tó ní IMEI, ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù nínú, nítorí bó bá jẹ́ fóònù tí wọ́n jí ni, ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa mú.

Èyí tí o bá yàn, ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí àti IMEI rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.