Ìpàdé Sátidé: Ìtàn Àwọn Àpérò Obìnrin Aláwọ̀dúdú ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ẹgbẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ilé.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, lórí Zoom. Àpérò àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Oníwèé ìròyìn kan ní Missouri ló kọ lẹ́tà tó fi ba àwọn obìnrin dúdú lórúkọ jẹ́. Josephine St. Pierre Ruffin, obìnrin aláwọ̀dúdú kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ò gbà, ló bá pe àwọn obìnrin jọ sí Boston ní oṣù Keje 1895. Lọ́dún 1896, ẹgbẹ́ méjì para pọ̀ ní Washington, wọ́n di National Association of Colored Women (Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Aláwọ̀dúdú ti gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà). Mary Church Terrell ni ààrẹ àkọ́kọ́. Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì ran àwọn ẹrú mìíràn lọ́wọ́ láti sá, tó ti di àgbàlagbà nígbà náà, wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀! Ibẹ̀ ló wù mí jù pé ká ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Nashville lọ́dún 1897, àti ní Chicago lọ́dún 1899.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú àpérò kan, kó kà nípa rẹ̀, kó sì múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí tí ẹ bá mú síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹni méjì má baà mú ẹyọ kan.

Akọ̀wé ẹgbẹ́